Ojúọlá Gbọ́ Ọkàn Ìyá Ọ̀bọ

Lónìí, Ojúọlá ń bá Màmá lọ síbi iṣẹ́.

Ọyẹ́ bo Nima, àdúgbò wọn ní Accra. Gbogbo ilé funfun bí òwú. Trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n wọ̀, ń lọ, fùù, fùù, títí ilé fi tán, tí igi bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ẹranko ni Màmá. Búrọ̀dá Mutala tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń dúró lábẹ́ igi ńlá kan.

Ìyá ọ̀bọ kan sùn sórí ẹní. Ọ̀bọ inú igbó ni. Wọ́n ti fún un lóògùn oorun.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?"

"A fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe tóbi tó, ká lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le."

"Ṣé ẹ máa la àyà rẹ̀ ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan sókè. "Rárá o! Ẹ̀rọ yìí ló máa ya àwòrán rẹ̀. Kò ní í dùn ún."

Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀bọ bíńtín kan di ìyá rẹ̀ mú. "Híì! Híì!" Ó ń fà á síhìn-ín, ó ń fà á sọ́hùn-ún.

Màmá gbé ẹ̀rọ lé àyà ìyá ọ̀bọ, àmọ́ àwòrán ojú ẹ̀rọ ń mì. Wọn ò rí ọkàn.

"Oògùn oorun ti fẹ́ẹ̀ tán lára rẹ̀ o," Búrọ̀dá Mutala wí.

"A ò sì lè já ọmọ kúrò lára ìyá rẹ̀," Màmá dáhùn.

Ojúọlá wo ọmọ ọ̀bọ. Ẹ̀rù ń ba ọmọ ọ̀bọ náà. Ó rò pé ìyá òun ò ní jí mọ́.

"Màmá, tẹ́rù bá ń bà mí, mo máa ń gbé etí lé àyà yín. Ṣé ẹ̀rọ yẹn lè jẹ́ kó gbọ́ ọkàn ìyá ẹ̀?"

Màmá yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ.

Kí-kì. Kí-kì. Kí-kì.

Atẹ́gùn dákẹ́. Ewé dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé gbogbo igbó ń gbọ́.

Ọmọ ọ̀bọ náà dákẹ́. Kí-kì. Ojú rẹ̀ ń pa dé, díẹ̀díẹ̀.

Àwòrán ò mì mọ́. Nǹkan kékeré kan ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí, bí òdòdó nínú omi dúdú.

"Ọkàn rẹ̀ rèé!" Màmá wọ̀n ọ́n. "Kò ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ. Ara rẹ̀ le dáadáa!"

Wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Imú ìyá ọ̀bọ mì. Ó lajú. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Fìrì! Wọ́n ti wà lókè igi.

Ọmọ náà wo Ojúọlá nísàlẹ̀. Ojúọlá juwọ́ sí i. "Ó dàbọ̀ o!"

Ebi wá ń pa Ojúọlá. Òun àti Màmá jókòó sórí gbòǹgbò igi. Wọ́n ń jẹ waakye, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wọ́n ń wòkè, inú wọn sì ń dùn.