Bí Ẹ Bá Rí I, Èmi Lẹ Rí

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kò tíì dé láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí mo bá obìnrin kan níbi tí mo ti máa ń pàdé àwọn àlejò mi, lábẹ́ pátákó tí wọ́n ya àwòrán ìlú sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ sì gba gbogbo ilẹ̀. Bàtà funfun ló wọ̀, kò sì sí ẹrẹ̀ kankan lára rẹ̀. Kò gbé báàgì, kò mú agbòòrùn dání. Mo bi í pé ibo ló gbà débẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ máa mú mi dé ibi tí mò ń lọ." Ó yẹ kí n ti pẹ̀yìn dà níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn lọgbọ́n máa ń dé.

Amọ̀nà ni mí. Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fi ìlú yìí han àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: ilé oúnjẹ, ọgbà ìtura, ilé gogoro àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Mo mọ ilé oúnjẹ tí ẹja rẹ̀ ti sùn ọjọ́ mẹ́ta, mo sì mọ èyí tí ẹja rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Ẹ má bínú sí mi, ẹnu mi mú díẹ̀, iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí òpópónà tí wọn kì í ti í wá mi rí, ìdí nìyẹn tí Màámi fi sọ mí ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Orúkọ yẹn ni gbogbo èèyàn ń pè mí dòní.

Màámi kan náà ni kì í jẹ́ kí n pẹ́ níta mọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí àrùn ìgbàgbé ti mú un. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀, ó tún gbàgbé ojú wọn. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí fọ́tò bàbá mi lára ògiri, ó ní kí n bá òun lé ọkùnrin yẹn jáde. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, mo lọ sunkún ní balùwẹ̀. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ láyé, oúnjẹ kì í sì í kọjá ẹnu rẹ̀ bí kò bá ti ọwọ́ mi wá. Aládùúgbò wa tó ń bá mi jókòó tì í ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ti kọrin, ó ti jó, Màámi á kàn pa ẹnu dé pinpin. Àfi bí mo bá wọlé ní aago mẹ́ta, tí mo ní, "Màámi, ẹ kúulé o." Á ní, "Ẹsẹ̀-ò-gbélé, o dé?" Á sì la ẹnu. Bí ojú mi bá lọ kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ebi ni yóò pa á. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ni mo máa ń gbé sùn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ fún mi nígbà kan. Ó ní ọ̀nà méjì ni amọ̀nà ní, ọ̀nà àlejò àti ọ̀nà tara rẹ̀, kí n má ṣe mú ẹnikẹ́ni gba tèmi. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òun náà ò bi ọ̀gá òun.

Ohun tí obìnrin náà sì béèrè gan-an nìyẹn. "Mi ò fẹ́ ibi tí ẹ ń mú gbogbo ayé lọ," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé ẹnì kan ń sùn nítòsí. "Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ń lọ ni kẹ́ẹ mú mi lọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ìlú yìí tó yín." Mi ò bi í pé ta ló ní bẹ́ẹ̀. Ìyìn ti dé etí mi, ó sì ti gba gbogbo ibẹ̀.

Mo kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn àdúgbò àwọn òǹtẹ̀wé, ibi tí kò ní ju tábìlì mẹ́rin lọ. Obìnrin tó ni ín sanra, a máa ń pè é ní Ṣíbí Ńlá. Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó jẹ́ tèmi, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i.

"Ìwọ yìí," Ṣíbí Ńlá ní, "o ṣì wà láyé? Mo ti fẹ́ máa ṣọ̀fọ̀ rẹ."

"Ẹ dákẹ́, ẹ bu ọbẹ̀," mo ní. "Ẹni mi nìyí o. Bí ẹ bá rí i, èmi lẹ rí."

Gbogbo amọ̀nà ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá mú àlejò dé ibi kan, a máa ń sọ ọ́ kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má fi àjẹkù àná lọ̀ ọ́. Lójú ọ̀nà àlejò, ọ̀rọ̀ yẹn kò léwu, torí àwọn tí à ń sọ ọ́ fún níbẹ̀ ò fẹ́ràn wa débi kan. Mi ò sọ ọ́ rí níwájú ẹni tó fẹ́ràn mi dénú.

A jẹun. Mo ń wò ó bó ti ń bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ inú àwo rẹ̀ kò dín. Láàárín ṣíbí kan sí èkejì, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo dẹtí sí i. Ọ̀rọ̀ tí mo bá Ṣíbí Ńlá sọ ló ń tún sọ lábẹ́ ẹnu, "Ẹ dákẹ́, ẹ bu ọbẹ̀," lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ohùn náà fi bá tèmi mu gẹ́lẹ́. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ́ èdè nílùú tiẹ̀ nìyẹn.

Láti ibẹ̀, ó di ọgbà ìtura. Kì í ṣe iwájú tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ẹ̀yìn ni mo mú un lọ, lẹ́bàá adágún omi, níbi tí baba tó ń gé koríko máa ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Mo kí baba, mo ní ẹni mi nìyí, bí ẹ bá rí i, èmi lẹ rí. Baba bọ́ fìlà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà létí omi dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rìn lọ sódì kejì láìdún.

"Apá ibo lẹ máa ń jókòó sí?" obìnrin náà bi mí. Mo fi bẹ́ǹṣì hàn án. Ó jókòó sójú ibẹ̀ gẹ́lẹ́. "Kí lẹ máa ń rò níbẹ̀?"

Mo sọ fún un. Màámi, fọ́tò ara ògiri, balùwẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. N kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kankan rí, mo wá ń tú u sílẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú kó lè tù mí nínú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ balùwẹ̀.

Ilé gogoro ló kù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi; ìyàwó ló máa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ gan-an sì ń ta omi lódì kejì, ó ń gbọ́ ọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún òun náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Igba ó lé méjìlá ni. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mi ò gbọ́ èémí tirẹ̀ rárá.

Atẹ́gùn ń fẹ́ lókè, ó fẹ́ gbé gèlè mi lọ. Aṣọ tirẹ̀ kò mì. Mo nawọ́ bí iṣẹ́ ti kọ́ mi: odò nìyẹn, ọjà nìyẹn, ọgbà tí a ti wá nìyẹn. Ọwọ́ mi kàn ń lọ, ó sì dé orí òrùlé wa. "Ilé wa nìyẹn, èyí tó ní páànù tuntun kan láàárín àwọn tó ti dípẹtà."

"Ilé Màámi," ó ní. Kò sọ pé màmá yín. "Ṣé wọ́n á gbà mí lálejò?"

"Hà! Màámi kẹ̀?" Ẹnu mi ti yára ju èmi fúnra mi lọ. "Bí wọ́n bá rí yín, èmi ni wọ́n rí."

Ó dijú, ó gbé nǹkan mì bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Nígbà tó lajú, ó rẹ́rìn-ín, mo wá rí eyín rẹ̀. Ó déjí. Kò déjí láàárọ̀. Èmi ni mo déjí.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ó tó wàyí." Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan yàtọ̀ sí tèmi.

Nísàlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Ọkọ mi, ṣé eré lo fẹ́ ṣe?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lódì kejì, ó tún wò mí, ojú tì í. "Ẹ má bínú, Màmá. Ṣé a mọra ni?"

Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Mo gba ọgbà kọjá, baba ní àlejò kì í gba ẹ̀yìn yìí o. Mo yà sọ́dọ̀ Ṣíbí Ńlá, mo ní, "Ẹ wojú mi, ẹ wojú mi dáadáa!" Ó rọra gbé àga mi kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ní ó ní ẹni tó ni ín. Mo fa fóònù yọ, mo pe aládùúgbò wa.

"Ta ni o?"

"Èmi ni. Ẹsẹ̀-ò-gbélé."

"Ẹ ṣi nọ́ńbà pè, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó ń gbóúnjẹ kaná."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé. Aládùúgbò wa ló ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ta lẹ ń wá?" Kí n tó fèsì, ohùn kan dáhùn láti ilé ìdáná. Ohùn mi ni. "Ẹ ní kí wọ́n wọlé kí wọ́n jókòó, mò ń bọ̀." Aládùúgbò náà fi mí sílẹ̀ ní pálọ̀, ó lọ bá a gbé omi.

Màámi wà lórí àga rẹ̀. Àwo oúnjẹ wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, òróró ti dì lójú ọbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé pinpin. Ayọ̀ gbé mi lọ́kàn, mi ò ní purọ́. Kò jẹ ẹ́! Ó tan gbogbo ìlú, kò lè tan Màámi! Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́." Láti ọjọ́ tó ti bí mi, kò fi irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kí mi rí.

Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìka pè mí mọ́ra. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọmọ mi. Wọ́n ní òun ni. Wọ́n rò pé mo ti gbàgbé."

"Mo mọ̀, Màámi. Mo mọ̀. Èmi rèé. Ẹ wò mí."

Ó wò mí. Ó pẹ́ tó ti ń wò mí. Mo fi ṣíbí bu oúnjẹ náà, mo gbé e dé ẹnu rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó yí ojú sógiri.

"Ẹ má bínú, ẹ ṣèèyàn," ó ní. "Ọmọ mi ló ń fún mi lóúnjẹ. Ó jáde láàárọ̀, kò tíì dé. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níta, ẹ bá mi sọ fún un pé ebi ń pa mí."

Mo gbé ṣíbí náà kalẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, Màmá, màá sọ fún un.