Usamah Ń Ta Káàdì

"Ẹ má rà á o," ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn káńtà náà wí.

Fáòsíà wò ó tìyanu-tìyanu. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní Lagos Town, àdúgbò àwọn Yorùbá nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Twi, kò tíì rí òǹtajà tó ń lé owó padà rí. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Adabraka ni wọ́n wà, káàdì tó ń ya àwòrán inú kọ̀ǹpútà ló sì wá rà. Èyí tó tóbi jù, tó wọ́n jù, tó ní fáànù mẹ́ta lójú, òun ló na ọwọ́ sí.

Eré ìje ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni ìgbádùn Fáòsíà tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀-kéè, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka ewé orí igi. Ṣùgbọ́n káàdì àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé e. Ọkọ̀ á sáré díẹ̀, á dúró, á tún fò. Dákú-dájí ṣáá ni.

"Kí ló dé tí mi ò fi ní rà á?" ó bi í lédè Òyìnbó.

"Báwo ni inú àpótí kọ̀ǹpútà yín ṣe gùn tó? Ṣé páwà inú rẹ̀ lágbára? Káàdì yìí gùn ju apá mi lọ, ó sì ń jẹná bí nǹkan míì. Tí páwà yín ò bá lè bọ́ ọ, ibi tí eré bá ti dùn jù ni gbogbo rẹ̀ á ti kú pii, ẹ ó rò pé dúmsọ̀ ni, pé iná ìlú ló lọ." Ó gbé òmíràn jáde. "Eléyìí kéré sí i, ṣùgbọ́n mẹ́mórì rẹ̀ tó fún àwòrán ńlá. Tí eré bá le jù fún un, ó lọ́gbọ́n tó ń dá: á ya àwòrán kékeré, á wá fẹ̀ ẹ́ sí i, ojú yín ò sì ní mọ̀."

"Ọkùnrin yìí mà ń bá mi ṣọ́ owó mi," Fáòsíà kùn ní Yorùbá. "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ tún wuni."

"Ẹ̀rín ta ló wu yín?" Yorùbá ló fi dáhùn, Yorùbá tó ń kọsẹ̀. "Chale, Àlàtà lèmi náà o, ọmọ Yorùbá! Usamah lórúkọ mi. Kotobabi ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ."

Ó ṣe Fáòsíà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó lọ wọn àpótí rẹ̀, ó sì padà wá ra èyí tí Usamah yàn fún un. Nígbà tó tan eré, ọkọ̀ ń lọ geere, títì ń dán, kò sí ìkọsẹ̀ kankan. Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

"Usamah, mo ń rí òjò tó ń sàn lára gíláàsì ọkọ̀!"

"Ṣé mo sọ fún yín?"

"Má pè mí ní yín mọ́. Fáòsíà ni mí."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Tí wọ́n bá jọ ń jẹ kélewélé, dòdò aláta, lẹ́bàá títì, bí Usamah ṣe ń bi oníbàárà ní ìbéèrè náà ló ń bi í: kí ló bí ọ nínú lónìí, kí lo fẹ́ràn níbẹ̀, kí ni kò bá ọ lára mu? Kò sí ọkùnrin tó fara balẹ̀ fetí sí i bẹ́ẹ̀ rí. "Àyànfẹ́ mi" ló ń pè é, ó máa ń pè é bí ẹni ń tọ́ oyin wò. Fáòsíà fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, kò sì fi bò.

Ó wá ku bàbá Fáòsíà. Àlájì Àkíbù, tó ń ta ṣúgà àti mílíìkì, kì í gbà kí àlejò sọ èdè míì nílé òun. "Twi wà ní títì," ló máa ń wí. "Ẹni tó bá wọlé mi, kó sọ Yorùbá." Láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kò sí àfáà tó máa so yìgì Fáòsíà.

Ọjọ́ tí Usamah wá kí i, Fáòsíà wà ní kíṣìnnì pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?" Àlájì bi í.

"Mo ń ta káàdì, sà."

Àlájì gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Káàdì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Káàdì géèmù. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"O sì ń rí nǹkan níbẹ̀?"

"Alhamdulillahi, sà. Òun ni mo fi tún ilé ìyá mi ṣe."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ létí yín. Ẹni tó ń ta káàdì fún oníbàárà, ẹni tó ń ta káàdì lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ti ń jẹ owó ara wọn, ìró kan náà ni.

"O fi tẹ́tẹ́ tún ilé ìyá rẹ ṣe, o tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run!" Àlájì ti dìde. "Jáde! Mi ò lọ́mọ tí mo máa fi fún ọ̀tatẹ́tẹ́!"

Usamah kò mọ ohun tó ń jẹ́ tẹ́tẹ́. Ó rò pé iṣẹ́ òun ni bàbá náà kórìíra. Ó kí i, ó sì jáde. Nígbà tí Fáòsíà tẹ̀ ẹ́ láago, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀: "Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, àyànfẹ́ mi. Mi ò lè jù ú nù. Bóyá ká gbà fún Ọlọ́run."

Ẹnu ìyá rẹ̀, tí Àlájì ròyìn fún, ni Fáòsíà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe káàdì tẹ́tẹ́. Ẹ̀rọ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ, kẹ́ ẹ fojú yín rí i. Tó bá jẹ́ tẹ́tẹ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé."

Àlájì kùn, ó kùn, ó wọ bàtà rẹ̀.

Bí Usamah ṣe rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà. Fáòsíà ní kó tan eré fún Bàbá. Àlájì tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mọ́nítọ̀. Etí òkun ni wọ́n yà síbẹ̀, ìgbì ń dé, ó ń padà, oòrùn ń tàn lórí omi.

"Káàdì yìí ló ya omi yìí?" ó bi í. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbá ara rẹ̀ níwájú orí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí Fáòsíà kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ sí àlejò. "Me ba, tena ase," ó wí ní Twi: ọmọ mi, jókòó. "Èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó o fi dá mi lóhùn. Nínú gbogbo káàdì yìí, èwo ló dára jù?"

"Kò sí, Àlájì. Èyí tó bá bá ibi tó ń lọ mu ni."

"Ó dáa. Ọmọ mi yìí wọ́n. Inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, kì í sì í fẹ́ kí ọkùnrin sọ 'má ṣe' fún òun. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ lè gbà á?"

"Kò lè gbà á, sà."

Fáòsíà yíjú sí i kíá.

Wọ́n ti gba Usamah láyè kó sọ Twi, síbẹ̀ Yorùbá ló ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí mo ṣe wà báyìí, kò lè gbà á. Ó tóbi jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa tún ara mi ṣe. Ohun tó bá kéré nínú mi, mo máa yọ ọ́, mo máa fi ńlá sí i. Òun, mi ò ní gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀."

Àlájì gbá Usamah léjìká pẹ̀lẹ́.

"Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀," ó wí, "kí àwọn èèyàn rẹ wá bá mi nílé."

Ó yẹ kí Fáòsíà kúnlẹ̀ dúpẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ńṣe ló pariwo, ó fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn lójú gbogbo oníbàárà.