Orúnkún Nùrúdíìnì

Wọn ò tíì sin Làmídì tí Wúlẹ̀mọ̀tù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, fi da ẹrù Fàtíà, ìyàwó òkú, síta ní Ìtàjí.

"Apànìyàn! Oúnjẹ sààrì rẹ ló pa á. Gbé oyún rẹ kúrò ní ulé wa!"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Beatrice sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Ó ní kí wọ́n dá ìsìnkú dúró ná, ni wọ́n bá fi èébú bò ó.

Nùrúdíìnì, àbúrò òkú, fi ọ̀pá tilẹ̀ dé, ó ń tiro. "Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Mú apànìyàn rẹ, kí o máa lọ."

Inú bí Beatrice, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó kọjú sí Fàtíà.

"Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Orúnkún ló ń dùn ún, mà. Nùrúdíìnì bá ń gbé àgbo wá ní gbogbo sààrì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mu ún ló gun òkè lọ sóko. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ wú, kò lè tọ̀ mọ́."

"Ta ló máa ń bá a lọ sọ́sibítù?"

"Nùrúdíìnì náà ni."

Beatrice pe Dókítà Tèmítáyọ̀ ti ọ́sibítù náà lórí fóònù.

"Kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára tẹ́lẹ̀," ni dókítà wí. "Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Bí omi bá dín lára aláàwẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ á fẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wọ́n níbẹ̀. Oògùn ara ríro kì í jẹ́ kó fẹ̀. Asẹ́ náà á dákẹ́. Mo kìlọ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn bẹ́ẹ̀."

Beatrice wọlé lọ gbé ìgò àgbo jáde. Nǹkan funfun kan ti silẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ se èyí?" ó bi Nùrúdíìnì.

"Èmi ni. Ewé àti egbò lásán ni."

"Ó wo orúnkún ẹ̀gbọ́n yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò mu ún, tẹ́ ẹ ṣì ń tiro?"

Lójijì, Nùrúdíìnì la ọ̀pá mọ́ ìgò náà. Ó fọ́.

Beatrice yọ ìgò kékeré kan lápò. "Mo ti rọ díẹ̀ sínú èyí kí n tó jáde."

Nùrúdíìnì jókòó gbì sílẹ̀.

"Mo lọ oògùn ara ríro sí i. Láti kékeré ni mo ti ń ro oko ọ̀pẹ bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò bímọ, èmi ni oko kàn. Àfi bí Fàtíà ṣe lóyún!"

Àwọn ọlọ́pàá wá mú un lọ. Ojú ti Wúlẹ̀mọ̀tù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí àpótí Fàtíà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Fàtíà wí.

Ó gbé e fúnra rẹ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá wọlé.