Tọ́ọ̀ṣì Tí Kì Í Kìlọ̀

Tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí àṣíborí Oyègbèmí kú ní ìsàlẹ̀ Kòtò Àìróòrùn, nígbà tí kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ mọ́ kó dé ìdí okùn tí yóò fi gun òkè. Kò ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ́n, kò sì rẹ̀. Bó ṣe ń tàn yanran ló ṣe ṣú bìrì. Ẹni tó dúró létí kòtò, tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, gbọ́ tó ní, "Ẹ gbà mí o, mi ò rí nǹkan kan mọ́." Lẹ́yìn náà ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó gbọ́ igbe kan, kò sì gbọ́ nǹkan mọ́. Nígbà tí wọ́n fi fà á jáde, ẹ̀wù afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ya lórúnkún, ẹ̀mí sì ti bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

Orí òṣùpá ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Ayédèrọ̀, níbi tí ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ Yorùbá ń gbé nínú ilé abẹ́ ilẹ̀. Inú yìnyín ni wọ́n ti ń yọ omi tí wọ́n ń mu àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Yìnyín náà wà nínú àwọn kòtò jíjìn tí oòrùn kò tíì tàn sí rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Irin tí kò bá nípọn a máa ṣẹ́ níbẹ̀ bí igi gbígbẹ. Bí awayìnyín, ìyẹn ẹni tó ń wa yìnyín bíi Oyègbèmí, kò bá ní tọ́ọ̀ṣì lórí, kò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Adétóún, ẹnjiníà ohun èlò ìlú, ló yan tọ́ọ̀ṣì náà. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó, ìgbìmọ̀ ìlú sì ní kó wá òmíràn. Oríṣi mẹ́ta ló kó jọ. Èkíní ni irú èyí tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, tí àwọn awayìnyín sọ ní Onírù: bátìrì rẹ̀ tóbi bí ọṣẹ ìfọṣọ, inú ẹ̀wù lábẹ́ apá ni wọ́n ń so ó mọ́, wáyà gígùn kan ló sì gba ẹ̀yìn lọ sí orí. Èkejì ni Ojúmọ́. Bátìrì tirẹ̀ wà nínú tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, kò ní wáyà, kò wúwo ju ẹyin adìyẹ méjì lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jù ti Onírù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀kẹta kéré, ó dára fún ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe nílé tàbí tó ń wá yẹtí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Adétóún ní kí wọ́n pín ìyẹn fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó jiyàn.

Orí méjì tó kù ni ọ̀rọ̀ ti dìjà. Bàbá Akínlàjà, olórí awayìnyín, gbé Ojúmọ́ lé ọwọ́, ó tàn án, ó pa á, ó tún tàn án. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí òṣùpá.

"Èyí mọ́lẹ̀, mi ò ní purọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kú ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?"

"Bàbá, ohun tó dára nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn," Adétóún dá a lóhùn. "Bí ṣáájì Onírù bá ti dé ìdajì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa pọ́n bí epo, ojú á sì máa ro yín. Gbogbo agbára ni Ojúmọ́ fi ń tàn títí ṣáájì fi máa tán. Wákàtí mẹ́sàn-án gbáko. Iṣẹ́ yín kì í sì í kọjá márùn-ún."

"Pípọ́n tó ń pọ́n yẹn ló ń kìlọ̀ fún wa, ọmọ mi. Tá a bá ti rí i, a mọ̀ pé ilé yá. Àti pé bátìrì tèyí, ìta ló wà. Tèmi wà lábíyá mi, ooru ara mi ló ń jẹ. Ìwọ náà ṣáà mọ ohun tí òtútù ń ṣe fún bátìrì."

"Mo ti wọn ìyẹn náà, Bàbá."

"Nínú òtútù bíi ti kòtò?"

"Ó wà nínú ìwé tí mo kọ, Bàbá."

Lóòótọ́ ló wà nínú ìwé, àmọ́ irọ́ ni. Ìlà mẹ́rìnlá ni ìwé àyẹ̀wò náà ní. Adétóún fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn mẹ́tàlá: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe jìnnà tó, bí tọ́ọ̀ṣì ṣe wúwo tó, bí yóò ti pẹ́ tó lórí ṣáájì, bóyá yóò fọ́ tó bá já bọ́. Ìlà òtútù ló kù. Àpótí òtútù tí wọ́n fi ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé ìwé ọjà lọ sí ayé sì fẹ́ gbéra. Ó mú iye wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí, ó yọ díẹ̀ kúrò, ó kọ mẹ́sàn-án. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á padà wọ̀n ọ́n. Kò padà wọ̀n ọ́n.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Ojúmọ́ fi wà lórí wọn, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Etí kòtò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òtútù ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ níwọ̀n. Bàbá Akínlàjà pàápàá ní ojú àwọn là sí i. Nígbà tí yìnyín etí kòtò tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Oyègbèmí ló kọ́kọ́ lọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ kejì ikú rẹ̀. Bàbá Akínlàjà ló ń ṣáájì tọ́ọ̀ṣì gbogbo awayìnyín. Kò gbọdọ̀ fi èyíkéyìí fún ẹnikẹ́ni àfi tí iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ti di aláwọ̀ ewé. Alága ìgbìmọ̀, Ìyáàfin Ọmọ́bọ̀dé, ló bi í léèrè.

"Bàbá, ṣé ẹ rí iná aláwọ̀ ewé kẹ́ ẹ tó fún un?"

"Mo rí i."

"Ó dá yín lójú?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Oyègbèmí. Òun ló bẹ ìyá rẹ̀ kó jẹ́ kó tẹ̀ lé òun wá sí òṣùpá. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rí iná yẹn," ó ní. "Bóyá ti àná ni mo ń rántí. Mi ò mọ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni."

Adétóún wà níjókòó, kò mẹ́nu kan ìlà òtútù. Kò tíì dá a lójú nígbà náà pé òtútù ló pa tọ́ọ̀ṣì náà, ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó tún àpótí òtútù ṣe. Ó mú tọ́ọ̀ṣì Oyègbèmí, ó ṣáájì rẹ̀ títí tó fi kún, ó tàn án, ó sì gbé e sínú àpótí. Ó fa àga, ó jókòó tì í. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì, tọ́ọ̀ṣì náà ṣú. Ó gbé méjì mìíràn síbẹ̀; ọ̀kan lo ogójì ìṣẹ́jú, èkejì lo márùndínláàádọ́ta. Oyègbèmí kò tíì lo wákàtí kan nínú kòtò kó tó kú.

Adétóún pàṣẹ kí wọ́n kó gbogbo Ojúmọ́ padà. Ó ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe kékeré kan sí i, kí wọ́n ṣì máa lo Onírù. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó awayìnyín kan gbé abọ́ ẹ̀wà wá fún un, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀yin nìkan lẹ ń rò tiwa." Nígbà tí obìnrin náà lọ, Adétóún bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó tu ú dànù, ó sì bo abọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ló lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Akínlàjà tó sì padà. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí kó tó ráyè yíjú. Bàbá ti gbẹ. Ó ti ń ká aṣọ Oyègbèmí sínú àpótí nínú yàrá.

"Wọlé, ọmọ mi. O ṣeun tó o wá wò mí."

"Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní torí pé mi ò fẹ́ràn tọ́ọ̀ṣì rẹ ni mi ò fi bójú tó o. Mo ti bi ara mi léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn lè kórìíra nǹkan débi tí ọwọ́ rẹ̀ á máa tàsé lórí ẹ̀, kó má sì mọ̀." Ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan sí i. "Bá mi di apá kan mú."

Adétóún di apá ṣẹ́ẹ̀tì náà mú. Ó bá a ká mẹ́ta, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì jáde.

Ogójì ọjọ́ pé lẹ́yìn ikú Oyègbèmí kí Adétóún tó kọ òtítọ́ sínú ìwé kan, tó sì gbé e lọ fún Ìyáàfin Ọmọ́bọ̀dé. Alága kà á dé ìparí, ó sì bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Bàbá Akínlàjà ti lọ," ó ní. "Ọkọ̀ àná ló wọ̀. Ó ń gbé ẹrù ọmọ náà lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìkirè."

"Lọ sí ayé? Ṣé dókítà gbà fún un?"

"Dókítà sọ fún un pé egungun ẹni tó ti gbé níbí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò lè gbé ìwúwo ayé mọ́. Ó ní tó bá débẹ̀, kò ní dìde dúró mọ́ láyé. Bàbá ní òun gbọ́. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ lòun ń lọ ṣe fún àbúrò òun, ìyẹn ò gba ìdúró."

Ọkọ̀ tó bá ti kúrò lórí òṣùpá kì í yíjú padà lójú ọ̀nà. Epo rẹ̀ kò tó o. Alága bá a pe ọkọ̀ náà lórí ẹ̀rọ, ó gbé ẹ̀rọ náà lé Adétóún lọ́wọ́, ó sì jáde kúrò nínú yàrá.

"Bàbá, Adétóún ni. Ẹ rí iná aláwọ̀ ewé yẹn. Ẹ rí i, Bàbá. Òtútù ló pa bátìrì náà. Mi ò wọ̀n ọ́n, mo sì kọ ọ́ pé mo wọ̀n ọ́n."



"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ kẹta."

"Ọjọ́ tó o wá bá mi ká aṣọ ńkọ́?"

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

Ó gbọ́ tí Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo ti pe ìyá Oyègbèmí kí n tó gbéra. Mo sọ fún un pé àìbìkítà mi ló pa ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n má pe òun ní àbúrò mọ́."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò tíì ní ìyẹn láti fún ọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ni mo ní. Mú bírò." Ó ka nọ́ńbà náà fún un díẹ̀díẹ̀. "Pè é fúnra rẹ. Má rán ìgbìmọ̀."

Ohùn obìnrin tó gbé fóònù ní Ìkirè jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ta ni yẹn?"

"Ẹ káàsán, mà. Adétóún lorúkọ mi. Èmi ni mo yan tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí ọmọ yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pa mọ́. Obìnrin náà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀, ṣé ó lè yí padà?"

"Kò lè yí padà, mà."

Ìgbà náà ni obìnrin náà fi igbe ta.

Ìgbìmọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Adétóún, wọ́n sì ka ìwé rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ sí ayé, ó jókòó nínú gbọ̀ngàn ìlú pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń wò ó lórí ẹ̀rọ. Àwọn dókítà gbé Bàbá Akínlàjà jáde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò rẹ̀ ti dúró dè é níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Bàbá fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti kí i. Ọwọ́ náà gbéra díẹ̀, ó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọwọ́ náà, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀.