Ìbọ̀wọ́ Òde

Ọjọ́ tí Kosaku kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì Chizuru, obìnrin tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ń sùn, àfi òun nìkan.

Chizuru kò bá wọn wí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì kan bọ́ sí òmíràn, níbikíbi tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ láti tún un ṣe. Ibi gbogbo tí wọ́n bá sì dé, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó wọlé: ohun tí ìtànṣán ń ṣe sí ẹran ara, bí a ṣe ń wọ aṣọ funfun, bí a ṣe ń bọ́ ọ. Kò kan ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti gbọ́ ọ níbòmíràn ní oṣù tó kọjá. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ mọ ibi tí ọkùnrin inú fíìmù tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ti máa wúkọ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó níwájú yìí lajú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pín ogún fún. Nígbà tí àwọn yòókù jáde tán, Chizuru bi í léèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni?"

"Tíṣà, mi ò tíì ní ewú kankan lórí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Kí lẹ wá ń gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ó fọwọ́ ra orí. "Ìyá mi ti kú. Ilé àlejò ni mò ń sùn, ibi yòówù kí n wà. Ẹ̀yin tíṣà nìkan lẹ kù tó ń sọ fún mi pé kí n tọ́jú ara mi."

Chizuru rẹ́rìn-ín, ó dágbére fún un. Ìgbà tó dé inú mọ́tò rẹ̀ ló tó mọ̀ pé omi ti lé sí òun lójú.

Òun náà mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá dá wà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, òun àti Tokuji bàbá rẹ̀ sì ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kan tó kọjú sí òkun, ilé tó tóbi ju ènìyàn méjì lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ sí Osaka, wọn ò padà wá. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù lọ.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, Kosaku á dé. Tí wọ́n bá tún un tán, á tún lọ. Láàárín méjèèjì, fóònù ló kù. Á pè é láti ilé àlejò kan ní Kyushu, ìró tẹlifíṣọ̀n ẹni tó wà ní yàrá kejì á máa gba inú ọ̀rọ̀ wọn kọjá.

"Kí lo jẹ?"

"Nọ́dùù inú ike."

"Òun náà lo jẹ lánàá."

"Olólùfẹ́ mi, èmi fúnra mi ni mo da omi gbígbóná sí i. Ìyẹn ti di oúnjẹ ilé."

Chizuru á rẹ́rìn-ín títí. Tó bá gbé fóònù sílẹ̀, ilé á tún pa lọ́lọ́.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ Kosaku fún bàbá rẹ̀, ojú bàbá náà kò kúrò lára àwọ̀n tó ń tún ṣe.

"Ìwọ nìkan ni mo bí. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọ, ilé yìí ló máa wá gbé, orúkọ wa ló sì máa jẹ́."

"Ó ti ní òun á jẹ́ ẹ, Bàbá."

"Orúkọ ò nira láti jẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa wà ni mò ń bi ọ́. Ṣé alárìnká yẹn lè jókòó sójú kan? Kó wá iṣẹ́ tó máa dá a dúró sí ìlú yìí. Títí dìgbà yẹn, kó má dé ẹnu ọ̀nà mi."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ilé iṣẹ́ kan nínú ìlú ń wá olórí ikọ̀ tí yóò máa kó àwọn òṣìṣẹ́ wọ ibi tí ìtànṣán wà, tí yóò sì máa gbé ìlú náà ní gbogbo ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò: kó kó ènìyàn wọ yàrá ìdánrawò, kó sì kó wọn jáde láìsí àbàwọ́n kankan lára ẹnikẹ́ni. Chizuru ló sì ń dán wọn wò. Òfin ibi iṣẹ́ wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán ẹbí tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ wò.

"Jẹ́ kí n sọ fún Ọ̀gá Wakasugi níbi iṣẹ́ wa," ni Chizuru wí.

"Tó o bá sọ, wọ́n á ní kí n dúró de olùdánwò míì. Kó tó dé, wọ́n á ti gba ẹlòmíràn." Kosaku di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá sùn, Chizuru. Ṣé mi ò mọṣẹ́ ni?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá kù?"

Chizuru kọ orúkọ Kosaku mọ́ àwọn tí wọ́n máa dán wò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé olólùfẹ́ òun ni.

Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n da àtíkè sára àwọn páìpù. Àtíkè yìí, ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i, á máa tàn yòò. Ó dúró fún eruku tó ní ìtànṣán nínú. Ẹni tó bá gbé e jáde sára, tàbí tó bá fi ra ẹlòmíràn lára, ti kùnà nìyẹn.

Kosaku ṣe dáadáa. Ó ń nàka sí ohun kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é sókè kó tó fọwọ́ kàn án, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Àwọn tó kó wọlé bọ́ aṣọ, wọ́n la ìlà tó pààlà sí ibi mímọ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, iná kò sì rí nǹkan kan lára wọn. Ó wá ku òun. Chizuru dúró ní òdì kejì ìlà, ó gbé iná lọ́wọ́ méjèèjì, irun rẹ̀ ti yọ lábẹ́ fìlà, ó ń gún un lójú. Kosaku na ọwọ́, ó gbé irun náà sẹ́yìn etí rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Àwọn yòókù ti kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ẹnikẹ́ni kò rí i. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ìbọ̀wọ́, ó la ìlà kọjá. Iná kò rí nǹkan kan lára òun náà.

"Ó yege," ni Chizuru wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Chizuru ti sọ fún ara rẹ̀ pé lẹ́yìn tó bọ́ ìbọ̀wọ́ òde, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lé ti inú, ló fọwọ́ kan òun. Ọwọ́ náà dùn mọ́ ọn, kò sì fẹ́ rò ó síwájú.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó pa iná yàrá, ó ń gbé iná àlùkò káàkiri láti wo ibi tó yẹ kó nù. Ó dé ibi dígí tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yẹ aṣọ wọn wò. Àmì ìka mẹ́ta ń tàn lókè etí rẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Omi lásán ló máa fọ̀ ọ́ kúrò. Tó bá fọ̀ ọ́, Kosaku yóò dúró, wọn yóò fẹ́ra, Bàbá kò ní rí nǹkan kan sọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an. Ṣùgbọ́n irun lásán ló mú kí ọkùnrin yìí gbàgbé ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Nínú ilé ẹ̀rọ gan-an, kì í ṣe àtíkè ni yóò wà níbẹ̀, òun sì ni àwọn ènìyàn yóò máa tẹ̀ lé lẹ́yìn.

Kò fọ irun náà. Ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Wakasugi.

"Ọ̀gá, Kosaku ò yege. Ẹ tanná sí mi lórí."

Ọ̀gá tan iná, ó wò ó. "Báwo lọwọ́ ẹ̀ ṣe débẹ̀ yẹn?"

"Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ni. Ó yẹ kí n ti sọ tẹ́lẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé iṣẹ́ ti gbọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ ìdánwò lọ́wọ́ Chizuru, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ Kosaku ní ohunkóhun mọ́.

Ó sin Kosaku dé ibùdókọ̀ ojú irin.

"Ṣé ẹnikẹ́ni rí i?" ni Kosaku bi í.

"Èmi nìkan ni."

"O lè fọ̀ ọ́."

"Mo lè fọ̀ ọ́."

"Mo rò pé ẹ̀yìn mi lo wà."

"Ẹ̀yìn ẹ náà ni mo wà, Kosaku."

Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọkọ̀ dé, ó wọlé, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Kò pè. Oṣù ń gorí oṣù, kò pè. Bàbá á bi í nídìí oúnjẹ pé, "Ṣé ó pè?" Chizuru á ní rárá. Nígbà tó yá, Bàbá kò bi í mọ́, àwọn méjèèjì á kàn jẹun tán, wọ́n á máa gbọ́ òkun. Ó gbọ́ pé ẹni tí wọ́n gbà sí ipò náà kò lè gbé ìlú kékeré, ó ti lọ. Ìyẹn pàápàá kò mú inú rẹ̀ dùn. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ara wọn, ó ń sùn nìkan, ó ń jí nìkan.

Nígbà tí wọ́n tún pa ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ dé. Chizuru wà níwájú kíláàsì rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ bíbọ́, nígbà tí ohùn kan gba ara ògiri wọlé láti yàrá kejì, níbi tí tíṣà mìíràn ti ń kọ́ni. Kosaku ni. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn.

Chizuru yíjú sí ògiri náà, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

"Tíṣà," ni baba arúgbó kan wí láti ẹ̀yìn, "ẹ ní ká bọ́ ìbọ̀wọ́ òde. Ṣé ọwọ́ wa á wà lókè báyìí títí dọ̀la ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun ń sọ mọ́.

Nígbà tó jáde, Kosaku jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Chizuru jókòó ti í.

"Mo bínú sí ọ," ni Kosaku wí.

"Mo mọ̀."

"Mo wọ ibì kan ní Kyushu. Ibẹ̀ gbóná, ìtànṣán pọ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ ìbòmú, òógùn wọ̀ mí lójú, mo ti gbé ọwọ́ láti nù ún. Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo rántí irun ẹ, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ yẹn ni ìbínú tán."

"Kí ló dé tí o ò pè?"

"Ojú ló wá ń tì mí."

Chizuru sunkún, kò sì fi í pa mọ́.

"Wọ́n á tún dán mi wò lọ́jọ́ Ẹtì," ni Kosaku wí. "Olùdánwò kan ń bọ̀ láti Tokyo. Tí mo bá tún kùnà ńkọ́?"

"Wàá dúró de ìdánwò míì. Èmi náà á dúró." Ó nu ojú. "Bàbá ní ọjọ́ tó o bá padà dé, kó o wá jẹun nílé wa."

"Bàbá tó ní kí n má dé ẹnu ọ̀nà òun?"

"Òun náà ni. Ó ní ọdún yìí ti jẹ́ kóun rí bí ilé náà á ṣe rí fún mi tóun bá kú."

Kosaku rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé èèyàn mọ́."

"Wọ́n ti ní kí n má kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́," ni Chizuru wí. "Àmọ́ ìyẹn, màá kọ́ ọ."