Ẹni Tí Yóò Gbé Àwo

Obìnrin náà jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì kùn ún ní àgbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Eré orí páálí tí Chishimba, ọkùnrin kan láti Lusaka ní Zambia, fi ọdún méjì ṣe, èyí tó fẹ́ fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná, ló tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹ níwájú wọn. Bí Chishimba ṣe ń wò ó, obìnrin náà mú bírò pupa, ó fagi lé ọ̀kan nínú àwọn òfin eré náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́," ni Chishimba wí.

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹni tó ṣe eré yìí ò lẹ́bí."

"Èmi ni mo ṣe é."

Ó wá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tó fagi lé. "Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Lombe ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ni ní Kasama. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Chishimba lábẹ́ igi máńgòrò. Nínú eré náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba owó oṣù, á san owó ilé, á ra oúnjẹ, á fi ìyókù pamọ́. Bó bá dé ojú ibi tí a kọ "Ìsìnkú" sí, ó lè dáwó, ó sì lè ní, "Mi ò sí nílé," kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó dáwó, owó rẹ̀ á dín. Ẹni tí kò sí nílé, nǹkan kan ò ní ṣe é. Kò gba àwọn ọmọ ní wákàtí kan kí wọ́n tó mọ ọgbọ́n ibẹ̀.

"Ìsìnkú mọ́kànlá la ṣe láàárọ̀ yìí," ni Lombe wí, "kò sẹ́ni tó yọjú. Àfi òkú nìkan."

Chishimba rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Owó la ń kọ́ wọn, tíṣà."

"Mo gbọ́. Ta ló máa wá sin ẹni tó bá borí?"

Chishimba padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní òun wá wo bí eré ṣe ń lọ. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò rántí gbé eré kankan dání mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa mu omi àgbàdo kíkan tí wọ́n ń pè ní munkoyo. Lombe á máa pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni Mi-Ò-Sí-Nílé", òun náà á máa pe Lombe ní "Ìyá Oníbírò".

Ọjọ́ kan ni Chishimba sọ tẹnu rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹbí tó wá bá a tó lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó kú, owó tó kù nílé kò tó ra pósí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Chishimba nígbà náà, ó sì búra pé ẹbí kankan ò ní jẹ owó tòun bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún láti abúlé, kò sí nílé. Lombe kò bá a jiyàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Mo ti tọ́jú owó orí rẹ, Lombe," ni Chishimba wí. "Ó pé. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Owó náà lo tún kọ́kọ́ dárúkọ." Ṣùgbọ́n ó ti ń sunkún. "Màá fẹ́ ọ, olówó orí mi. Rán alárinà rẹ sí bàbá mi."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọkùnrin kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ tọrọ ìyàwó ní Kasama. Ẹbí rẹ̀ ló máa gbé àwo lọ, pẹ̀lú owó díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fi àwo mìíràn dé e. Bí ilé ìyàwó bá gbà, wọ́n á gba àwo náà sílé. Bí wọn ò bá gbà, alárinà á gbé e padà. Chishimba ní owó, kò ní ẹni tí yóò gbé àwo.

Ó pe Ba Sampa, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Mungwi nítòsí Kasama. Ìyàwó Ba Sampa ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, Chishimba kò sì lọ síbi ìsìnkú.

"Chishimba wo?" ni Ba Sampa wí. "Mi ò sí nílé." Ó pa fóònù.

Chishimba ní kí òun kúkú háyà àgbàlagbà kan. Lombe mi orí. "Wọ́n á bi í lórúkọ ìyá ìyá rẹ. Ṣé wàá háyà ìyẹn náà ni? Bàbá mi ti ń bi mí pé ọmọ ta ni ọ́. Mi ò mọ ohun tí màá sọ mọ́." Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì ba Chishimba gidigidi.

Ó lọ sí Mungwi. Ó kúnlẹ̀ níwájú ilé Ba Sampa, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wọn.

"Àwo ló gbé mi wá, Ba Sampa, mi ò ní purọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín kú ara fẹ́ra kù. Mo gbọ́ pé ìyàwó yín kú. Mo gbọ́, mi ò wá. Ẹ forí jì mí."

Ba Sampa jáde sí i. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi náà ò wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ," ó ní. "Ndola ni mo wà, mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò lówó ọkọ̀. Ta lo rò pé ó ń san owó ilé ìwé mi?" Ó nawọ́ sí àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri níta. "Ìdajì àwọn wọ̀nyẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n bí wọn sí. O rò pé a jẹ owó ìyá rẹ run. Kò run. Èmi lowó náà."

Chishimba bú sẹ́kún níbi tó kúnlẹ̀ sí, Ba Sampa sì fà á dìde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Chishimba tún eré náà ṣe. Kò sẹ́ni tó lè borí mọ́ àfi tí ọmọ mìíràn bá gbà láti gbé àwo fún un. Àwọn ará Lusaka tó fowó sí i ní eré náà ti gùn jù. Chishimba ní bó ṣe máa wà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀nà ilé bàbá Lombe. Ba Sampa ti wọlé tipẹ́ pẹ̀lú àwo. Nígbà tó jáde, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì mú nǹkan kan dání. Lẹ́yìn rẹ̀, Lombe yọ sí fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Wọ́n gbà á?" ni Chishimba béèrè.

"Wọ́n gbà á. Bàbá rẹ̀ le o. Ó ní bó o bá fìyà jẹ ọmọ òun lọ́la, ta ni káwọn dì mú."

"Kí lẹ wá sọ?"

Ba Sampa wọlé sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. "Mo ní kí wọ́n dì mí mú."