Wọ́n Ní Ilé-Ìwé Wa Ló Gbẹ̀yìn

Aránṣọ náà ń gán etí ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tí onígbàjámọ̀ òdìkejì títì já wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ti fi èsì ìdánwò to àwọn ilé-ìwé ìjọba àgbègbè wa nípò. Tiwa ló ṣe ìkẹsàn-án!"

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ìkẹsàn-án nínú mélòó?"

"Mẹ́sàn-án náà ni. Èmi ti mú àwọn méjì tèmi kúrò láàárọ̀ yìí. Ojú ẹni kì í là kéèyàn tún jìn sí kòtò."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí pé ó máa ń kólòlò. Ilé-ìwé kékeré yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní sùúrù fún un. Bó bá dìde láti kàwé, tíṣà rẹ̀ á káwọ́ gbera, á dúró títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Aránṣọ mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n àyà ti já a, ẹni tí àyà bá sì já kì í béèrè ọ̀nà kó tó sá. Kò bá tíṣà kankan sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé ńlá tó wà lókè odò, èyí tó ṣe ipò kìíní.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì kan. Ẹ̀yìn pátápátá ni Jẹ́jẹ́ jókòó sí. Bó bá kàn án láti kàwé, tó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, tíṣà á ti ní, "Ẹlòmíràn!" Kò pé oṣù kan tí ọmọ náà fi dákẹ́, àti nílé àti níta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Akọ̀wé wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ìwé. Ó rí ìwé ìròyìn náà lórí tábìlì, ó sì béèrè ọmọ.

"Mo ti mú un kúrò, sà. Ilé-ìwé tó gbẹ̀yìn ni."

"Ta ló kà á fún yín?"

"Onígbàjámọ̀ ni."

"Ó kà á dé ibo?"

"Ó ka ipò, sà."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó fi gíláàsì sójú. "Ẹ jẹ́ ká kà á tán. Ọmọ mélòó ló ṣèdánwò nílé-ìwé yín? Mẹ́rìnlá péré. Tòkè odò, igba ó lé mẹ́wàá. Bí ọmọ mẹ́ta bá fìdí rẹmi nínú mẹ́rìnlá, ilé-ìwé ti já wálẹ̀ gbì nìyẹn. Nínú igba, ta ló máa mọ̀? Lésìí, ẹ̀yin lẹ ṣe ipò kẹta. Ṣé àwọn tíṣà gọ̀ láàárín ọdún kan ni?"

Aránṣọ fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ tún wo àwọn ọmọ fúnra wọn. Mẹ́fà nínú mẹ́rìnlá, àwọn òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Èdè tí wọ́n fi ṣèdánwò kì í ṣe èdè ilé wọn. Ó wà níbí, lẹ́tà ló kéré."

"Ọmọ mi tí mo mú kúrò, ṣé ó kan owó tí ìjọba ń fún wọn, sà?"

"Orí ọmọ ni wọ́n fi ń pín in. Ọmọ kan lọ, owó rẹ̀ bá a lọ. Ṣùgbọ́n òrùlé tó ń jò ò bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù tíṣà ò dín."

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ padà sílé-ìwé kékeré. Wọ́n ti to àga lé orí ara wọn nínú kíláàsì kẹrin, kíláàsì Jẹ́jẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, ó ń di ìwé sínú páálí.

"Mà, ẹ dákun, mo ti mú un padà."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Jẹ́jẹ́. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló lọ lẹ́yìn ìwé ìròyìn yẹn. Ọjọ́ tí ìjọba wá ka orí ọmọ, a ò pé ogójì tí òfin ń béèrè mọ́. Wọ́n ti gbé tíṣà rẹ̀ lọ síbòmíràn. Tí ọdún bá parí, wọ́n á ti ilé-ìwé pa."

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó pa ẹnu dé.

Wọ́n lọ sípàdé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ o, aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti Bàbá Akọ̀wé. Aránṣọ sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ìgbìmọ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ti ilé-ìwé náà pa. Jẹ́jẹ́ ti padà sẹ́yìn kíláàsì lókè odò. Ètè rẹ̀ máa ń mì bó bá ń kàwé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ipò nìkan kì í sọ bí ilé-ìwé ṣe rí. Bí wọ́n bá ní ilé-ìwé yín gbẹ̀yìn, ẹ béèrè: ọmọ mélòó ló ṣèdánwò? Irú ọmọ wo ni wọ́n, kí sì ni wọ́n ń bá yí nílé? Èló ló ń kan orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, báwo ni wọ́n sì ṣe ṣe lọ́dún tó kọjá? Ẹ̀tọ́ yín ni láti rí àkọsílẹ̀ yìí. Ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀, ẹ lọ sípàdé, kí ọjọ́ kíka orí tó pé. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń di ìwé sí páálí kẹ́ ẹ tó béèrè.